Ọgọ́ta Ọjọ́ Àṣàkẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ọmọ mi obìnrin ló máa ń ka ìwé ìròyìn yín sí mi létí bí mo bá ti gbé ìkòkò wàrà kaná, nítorí ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Òun náà ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù, ó fẹ́ yọ ọ́, èmi ni mo ní kó fi sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹ gbé lẹ́tà arákùnrin kan jáde láti Ìkòròdú, tó ní òun ń sin màlúù mẹ́rin fún wàrà. Ó ní àwọn tó ń dá wàrà fífún dúró kí màlúù tó bímọ kò mọ ìṣirò, pé òun máa ń fún tòun títí di ọjọ́ tí pátákò ọmọ bá yọ. Ó béèrè pé bí omi bá ṣì ń sun nínú kànga, ta ní í fi ìdérí dé e? Mo ní kí ọmọ mi tún un kà. Ó tún un kà. Ẹ̀rín pa mí, torí kò sí ohun tí arákùnrin yẹn kọ tí èmi náà kò fi ẹnu ara mi sọ ní 2019. Ó ná mi lówó, ó sì gba ẹ̀mí ọmọ màlúù kan. Ìdí tí mo fi ń dá a lóhùn nìyẹn.

Oko-Ọba ni mo ń gbé, ní Agége, níbi tí a ti ń gbọ́ igbe màlúù láti ibi ìpẹran ní ìdájí bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sápá wa. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí mi. Ìyá mi a máa ra wàrà ní gáà, a sì sè é tà. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Nígbà tí mo tẹ̀lé ọkọ dé Èkó, òwò náà ni mo ń ṣe, àmọ́ wàrà tútù tí wọ́n bá fi dáńfó gbé wá láti ọ̀nà Ọ̀tà, kó tó já Agége nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó ti kan. Èyí tó bá sì ti kan, ewé bọmubọmu tí a fi ń mú wàrà dì kò rí i dì mọ́ bó ṣe yẹ. Ọkọ mi, tó ń ṣòwò màlúù ní Oko-Ọba, ní ká kúkú máa sin tiwa. Ní 2016 ló ra abo mẹ́ta tí kò tíì bímọ rí. Màlúù funfun àwọn Fúlàní ni ìyá wọn, ẹ̀jẹ̀ Friesian, màlúù oníwàrà àwọn òyìnbó, sì wà lára wọn láti ọ̀dọ̀ bàbá. A kọ́ ilé fún wọn ní Àyóbọ̀, níbi tí àlàfo ilẹ̀ díẹ̀ ṣì kù nígbà yẹn. Àwọn ará àdúgbò rò pé ẹran Iléyá ni. Wọ́n retí, wọ́n retí. Mẹ́fà ni màlúù náà báyìí, a kò tíì pa ọ̀kan.

Àṣàkẹ́ ló kọ́kọ́ bímọ nínú wọn, ní ìparí 2017. Nígbà tí wàrà rẹ̀ dé góńgó, lítà mẹ́wàá là ń rí lóòjọ́, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ pa pọ̀. Ẹ má fi wé ti òyìnbó. Ẹni tó bá mọ màlúù funfun tó ń fún èèyàn ní lítà kan tàbí méjì yóò mọ̀ pé mẹ́wàá tó ká jó sí. Ó lóyún padà. Oyún pé oṣù mẹ́jọ, lítà mẹ́rin ṣì ń bọ̀. Ọmọkùnrin Fúlàní tó ń bá wa fún wàrà, Ọmọ Gáà là ń pè é, sọ fún mi pé, "Ìyá, ó tó. Fi sílẹ̀." Mo ní oorun ló ń kùn ún. Ọkọ mi náà ní kí n rò ó wò. Mo ní ọkùnrin kì í mọ̀ bí owó ọbẹ̀ ṣe ń wá.

Nǹkan àkọ́kọ́ tó yẹ kí n fi mọ̀, ahọ́n mi ló sọ fún mi, n kò gbà á gbọ́. Wàrà oṣù ìgbẹ̀yìn yẹn níyọ̀ lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó bu iyọ̀ sí i. Bí wàrà màlúù tó fẹ́ gbẹ ṣe máa ń rí nìyẹn. Nígbà tí mo bá da omi ewé sí i, ó ń dì, àmọ́ ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò jinná. Bí mo bá gbé e sínú òróró, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́. Mo fi bọmubọmu kún un kó lè le, ó bá korò. Oníbàárà mi kan ní Mushin dá igbá wàrà kan padà odindi. Lójú mi nígbà yẹn, ewé ni kò dára.

Oṣù kẹfà 2019 ni Àṣàkẹ́ bí ọmọ kejì. Wàrà àkọ́kọ́ tó yẹ kó pọ́n, kó nípọn bí òyin tútù, funfun ló wá, ó ṣàn gẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà dìde, ó mu ọmú, àmọ́ kò lágbára. Ìgbẹ́ gbuuru mú un lọ́jọ́ kẹrin. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó kú. Ìyá rẹ̀ náà kò padà sí lítà mẹ́wàá mọ́ ní gbogbo àsìkò yẹn. Méje ló dé, ló bá dúró síbẹ̀.

Àbúrò ọkọ mi ni ó là mí lójú. Dókítà ẹranko tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ti ṣiṣẹ́ ní Vom ní ìpínlẹ̀ Plateau fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó wá kí wa ní Iléyá ọdún yẹn, ó bá wa dé Àyóbọ̀, ó fọwọ́ kan àpò ọmú Àṣàkẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ìyàwó wa, ọjọ́ mélòó lẹ fi í sílẹ̀ kó tó bí?" Mo ní a kò fi í sílẹ̀. Ó pòṣé.

Ó ní àwọn nǹkan wínníwínní kan wà nínú ọmú màlúù tí wọ́n so pọ̀ bí ẹyin ẹja, àwọn ló ń fa ohun tí wọ́n nílò láti inú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń sọ ọ́ di wàrà. Lẹ́yìn iṣẹ́ oṣù mẹ́wàá, púpọ̀ nínú wọn ti gbó. Bí a bá dáwọ́ fífún dúró, àwọn tó gbó yóò kú, ara yóò kó wọn dànù, tuntun yóò sì hù dípò wọn kí ọmọ tó dé. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni. Bí a kò bá dáwọ́ dúró, àwọn arúgbó yẹn náà ni wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọdún tuntun. Ó ní àwọn tó ti dán an wò, tí wọ́n fún màlúù láìdúró títí ó fi bí, bí ìdá kan nínú mẹ́rin wàrà ni wọ́n pàdánù lẹ́yìn ìbímọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó kú ni ó sọ kẹ́yìn, ó sì sọ ọ́ láì wo ojú mi. Ọmọ èèyàn ti ń gba díẹ̀ nínú ààbò ara ìyá rẹ̀ láti inú oyún. Ọmọ màlúù kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́wọ́ òfo ni í wáyé, inú wàrà àkọ́kọ́ ni ààbò rẹ̀ wà, ó sì gbọ́dọ̀ mu ún láàárín wákàtí mélòó kan tó dé ayé, kí ìfun rẹ̀ tó pa ilẹ̀kùn dé. Àwọn ọ̀sẹ̀ ìgbẹ̀yìn oyún ni ìyá ń kó ààbò náà jọ sínú ọmú. Èmi tí mo ń fún un láràárọ̀, mo ti ń kó o jáde díẹ̀díẹ̀, mo sì ń sè é tà ní Mushin.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ìṣirò tí arákùnrin wa ní a kò mọ̀. Lítà mẹ́rin lóòjọ́ fún ọgọ́ta ọjọ́, ká tilẹ̀ ní kò dín kù rárá, 240 ni. Òun ni mo jèrè. Lítà mẹ́ta tí Àṣàkẹ́ fi dín lóòjọ́ fún oṣù mẹ́wàá, 900 ni. Ká ní ó dín sí méjì péré nígbà tí wàrà ń lọ sílẹ̀, ó ṣì ju 600 lọ. Ẹ fi owó ọmọ màlúù kan lé e. Èmi tí mo bá oníbàárà jiyàn nítorí àádọ́ta náírà!

Àbúrò ọkọ mi ní ọgọ́ta ọjọ́ ni kí n fi sọ́kàn. Bí kò bá ṣeé ṣe, kó má dín ní márùndínláàádọ́ta. Èyí tó bá ti wọ abẹ́ ogójì, àdánù ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo rò pé bí ọgọ́ta bá dára, àádọ́fà yóò dára jù. Lórí Ìyá Ìkẹjà ni mo ti rí èsì rẹ̀. Màlúù yẹn gbẹ fúnra rẹ̀ nígbà tí oyún rẹ̀ wà ní oṣù karùn-ún, èmi sì ń kẹ́ ẹ bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé: eèrí ògì láàárọ̀, eèrí bíà lálẹ́, èèpo gbágùúdá láàárín wọn. Ó sanra títí ìdí rẹ̀ fi rí bí àga tìmùtìmù. Nígbà tó máa bímọ, ọkùnrin mẹ́ta ló bá a fa ọmọ náà. Lẹ́yìn rẹ̀, kò jẹun mọ́, èémí rẹ̀ sì ń rùn bí èso tó fẹ́ jẹrà. Ọ̀rá tó kó jọ ni ara rẹ̀ ń yọ́ lójijì, tí ẹ̀dọ̀ kò sì lè gbé e. Ó yè, àmọ́ ó rù dé egungun, wàrà rẹ̀ kò sì jọ wàrà. Láti ìgbà yẹn, ìka ọwọ́ mi ni ìwọ̀n mi. Mo máa ń fi ọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bí mo bá ní láti tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí n tó rí egungun ìhà, ó wà dáadáa. Bí egungun bá yọ ketekete láì tẹ̀ ẹ́, ó rù. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ tí n kò rí nǹkan kan, mo ti ṣe é léṣe. Ohun tó yẹ ká tún ṣe lára rẹ̀, kó tó wọ ìsinmi ni ká ti tún un ṣe.

Gbogbo ètò yìí, ọjọ́ gígùn, ìyẹn ọjọ́ tí akọ gun abo, ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí akọ bá gun màlúù lónìí, mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri, ọmọ mi a sì kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí. Oyún màlúù jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 283. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ni wọ́n gun Àṣàkẹ́ lọ́dún yìí. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kejìlá ni a ń retí rẹ̀. Ẹ ka ọgọ́ta ọjọ́ padà sẹ́yìn, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá ni wàrà rẹ̀ dúró. Ẹni tí kò bá mọ ọjọ́ gígùn, kó pe dókítà ẹranko kó fi ọwọ́ wá oyún náà. Ká máa fojú wo ikùn ká ní "ó ti tó" kò ràn wá lọ́wọ́.

Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń gba eèrí bíà àti kúlíkúlí lọ́wọ́ rẹ̀, koríko gbígbẹ àti poroporo àgbàdo nìkan ni yóò máa jẹ. Fífún ẹ̀ẹ̀mejì di ẹ̀ẹ̀kan. Wàrà yóò lọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó pé, a ó fún un tán pátápátá, ó parí nìyẹn, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kan án mọ́. Bàbá kan ní ọjà Oko-Ọba sọ fún mi nígbà kan pé kí n gba omi lẹ́nu rẹ̀ ni yóò tètè gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, nínú ooru Èkó yìí? Oúnjẹ alágbára la fi ń dín wàrà kù; ẹ fi omi sílẹ̀ fún un.

Ọjọ́ kẹta ló máa ń le jù. Àpò ọmú yóò wú, yóò le, wàrà lè máa kán tó tó tó sílẹ̀. Yóò máa ké. Àwọn ará ilé kejì ní Àyóbọ̀ a máa pè mí pé, "Ìyá, màlúù yín ń sunkún o." Ọwọ́ a máa yún mi bíi kí n fún un díẹ̀. Ẹ dì í mú! Bí ẹ bá fún un díẹ̀, ara rẹ̀ yóò gbọ́ pé iṣẹ́ ṣì ń lọ, yóò sì tún wàrà mìíràn ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ara rẹ̀ yóò fa gbogbo rẹ̀ padà. Ọdún kan wà tí ọmú Àṣàkẹ́ kọ̀ tí kò fà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó ṣì rọ̀ bí ẹni pé ẹnìkan ń fún un. Ọmọ Gáà ló lọ sùn síbẹ̀. Ó di òru, ó rí ọmọ Àṣàkẹ́, tó ti lé lọ́dún kan, tó ti hùwo, tó fi orí ti pákó sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó kúnlẹ̀ sábẹ́ ìyá rẹ̀ tó ń mu ún. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀tọ̀ ni ilé ọmọ, ọ̀tọ̀ ni ilé ìyá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí oògùn inú ọmú, nítorí ibẹ̀ ni àwa oníwàrà ti máa ń ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá. Lẹ́yìn tí a bá fún un tán lọ́jọ́ ìgbẹ̀yìn, dókítà lè ní kí a fi oògùn apakòkòrò sínú orí ọmú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, túùbù kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú ìsinmi àti ọ̀sẹ̀ méjì ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni àrùn ọmú wíwú máa ń wọlé jù. Ara máa ń ṣe nǹkan bí ìda dí ojú ihò orí ọmú, àmọ́ ó máa ń pẹ́ kó tó dì tán lára àwọn màlúù mìíràn. Ẹ fi òwú àti sípírítì nu orí ọmú. Èyí tó jìnnà sí yín ni kí ẹ kọ́kọ́ nù, èyí tó sún mọ́ yín kẹ́yìn. Bí ó bá wá kan oògùn, ẹ yí i padà: èyí tó sún mọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí, kí apá yín má baà máa gbo èyí tí ẹ ti nù mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ rì í sínú áyódíìnì. Ọdún kan, èmi fi túùbù kan pín sí ọmú méjì láti ṣọ́wó ná. Ọmú ẹ̀yìn lápá òsì wú, ó di òkúta, kò sì fún ní wàrà mọ́ títí dòní. Àṣàkẹ́ tí ẹ ń gbọ́ yìí, ọmú mẹ́ta ló fi ń ṣiṣẹ́.

Àwọn dókítà tuntun sọ pé kì í ṣe gbogbo màlúù ló nílò oògùn náà. Omi aláwọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń pò mọ́ wàrà inú àwo pẹrẹsẹ. Bí ó bá ki bí ọbẹ̀ ewédú, àrùn wà nínú ọmú yẹn. Ní Yúróòpù, láti oṣù kìíní 2022 ni òfin ti sọ pé wọn kò gbọdọ̀ máa fi oògùn apakòkòrò dáàbò bo ẹran tí ara rẹ̀ dá gẹ́gẹ́ bí àṣà. Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ bá lò ó, ẹ ka ohun tó wà lára páálí rẹ̀. Oògùn ìsinmi máa ń pẹ́ lára ju ti màlúù tí à ń fún lọ. Wàrà tó ní oògùn nínú, bọmubọmu yóò ṣì dì í, oníbàárà kò ní mọ̀. Ìyá tó ń ta nónò, wàrà kíkan, ló máa mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ra wàrà lọ́wọ́ ẹnìkan tí màlúù rẹ̀ bímọ ṣáájú ọjọ́, ó gbé e kalẹ̀ kó kan. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, kò kan. Oògùn ti pa kòkòrò tó ń mú un kan. Ẹ wá rò ó, kí ni yóò ṣe fún ọmọdé tó bá ń mu ún lójoojúmọ́?

Ọ̀rọ̀ ooru. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gbé màlúù tó ń sinmi lọ sínú oòrùn, kí èyí tó ń fún wa ní wàrà lè wà lábẹ́ òrùlé. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ní Fásitì Florida ní Amẹ́ríkà, níbi tí ooru àti ọ̀rinrin ti mú bíi tiwa, ti fi hàn pé màlúù tí wọ́n bá fi omi àti fáànù tù lára nígbà ìsinmi máa ń fún ni ní wàrà jù lẹ́yìn ìbímọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtọ́jú kan náà ni gbogbo wọn rí nígbà tí wọ́n ti bímọ tán. Iná wa kò ṣeé gbójú lé, n kò ra fáànù. Mo gbé páànù sókè sí i, mo fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó lórí, à ń da omi sí wọn lára lọ́sàn-án. Wọ́n dáwọ́ mímí hẹlẹhẹlẹ dúró.

Oṣù keje 2021 ni ẹ̀kọ́ tó kẹ́yìn. Ọkọ mi ti lọ ní 2020, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Àṣàkẹ́ sinmi ọgọ́ta ọjọ́ gbáko, ó bímọ lálàáfíà, wàrà pupa, ó nípọn, ọmọ fi ìrù ta bí ó ti ń mu ún. Mo ní mo ti borí. Lóru ọjọ́ kejì, Ọmọ Gáà pè mí lórí fóònù pé ìyá ọmọ ti wólẹ̀. Òjò ń rọ̀, ẹ sì mọ ọ̀nà wa lọ́hùn-ún bí òjò bá rọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ká ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, etí rẹ̀ tutù bí yìnyín. Ọ̀kadà ni dókítà gùn wá, ó fi àpò rẹ̀ sínú ọ̀rá. Ó fa omi kálísíọ̀mù, èròjà tó wà nínú egungun àti wàrà, sínú iṣan ọrùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi etí sí ọkàn rẹ̀, nítorí bí ó bá yára jù, ọkàn lè dáwọ́ dúró. Kí wákàtí kan tó pé, Àṣàkẹ́ gbọn orí, ó yàgbẹ́, ó dìde. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo sunkún.

Dókítà béèrè ohun tí mo fún un jẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìgbẹ̀yìn. Tìdùnnútìdùnnú ni mo fi dáhùn: egungun lílọ̀ àti ìkarahun tí a ń fún adìyẹ ẹlẹ́yin, kí wàrà lè le. Ó mi orí. Ó ní ara tó bá ń rí kálísíọ̀mù lọ́fẹ̀ẹ́ máa ń gbàgbé bí wọ́n ti ń yọ ọ́ nínú egungun. Nígbà tí wàrà bá wá dà wọlé lójijì lọ́jọ́ ìbímọ, tí ó fẹ́ kálísíọ̀mù púpọ̀, ara kò rántí ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Báyìí, n kì í fi egungun lílọ̀ sún mọ́ ọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, n kì í sì í jẹ́ kí iyọ̀ pọ̀, kí ọmú má baà wú jù. Eèrí àlìkámà ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí ikùn rẹ̀ lè mọ oúnjẹ alágbára kó tó bímọ. Bí ó bá bímọ tán, egungun lílọ̀ padà dé. Lọ́dún yẹn, pẹ̀lú ọmú mẹ́rin tó ṣì pé nígbà náà, lítà mọ́kànlá ló dé.

Mo mọ ohun tí arákùnrin wa yóò sọ: kí ni a ó jẹ fún oṣù méjì? Mẹ́rin ni màlúù tirẹ̀. Kó má jẹ́ kí wọ́n gùn wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi kì í jẹ́ kí ju méjì lọ sinmi pọ̀ nínú mẹ́fà. Ọjọ́ gígùn tó wà lára ògiri ni mo fi ń ṣe é. Ní ti màlúù funfun tó ń jẹ̀ kiri, ọ̀rọ̀ mi kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Òun ti máa ń gbẹ fúnra rẹ̀ kí ọmọ tó dé. Àwọn tí a fi ẹ̀jẹ̀ òyìnbó kún ni wàrà kì í fẹ́ dúró lára wọn.

Ní oṣù keje 2024 ni ìjọba àpapọ̀ kéde iléeṣẹ́ tuntun fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn. Láti ìgbà náà, bí mo bá tan rédíò, kíkó màlúù olówó ńlá wọlé ni mo ń gbọ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé ìròyìn lọ́wọ́: ta ni yóò kọ́ ẹni tí wọ́n bá kó o fún ní ọjọ́ tí yóò dáwọ́ dúró? Màlúù tí wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú gbé wá, bí wọ́n bá ń fún un títí pátákò fi yọ, lítà rẹ̀ yóò já bọ́ bíi ti Àṣàkẹ́.

Òní ni Àṣàkẹ́ pé ọjọ́ 41 nínú ìsinmi. Ìjẹta ló bẹ̀rẹ̀ eèrí àlìkámà. Oníbàárà mi kan ní Ìdúmọ̀tà ní ìnáwó ní ọjọ́ kẹfà oṣù kejìlá, ó fẹ́ igbá wàrà mẹ́wàá. Mo ní márùn-ún ni mo lè rí lára àwọn tó kù. Ó ní, "Ìyá, màlúù yẹn ṣáà wà nílẹ̀, ẹ fún un lẹ́ẹ̀kan péré." Mo ní rárá. Inú bí i, ó já fóònù lé mi létí. Bí ó bá ka lẹ́tà yìí, kó wá lẹ́yìn ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà, nítorí wàrà ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, ti ọmọ ni.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Oníwàrà,
Oko-Ọba, Agége, Èkó.